Báwo ni ọpọlọ ṣe ń dá ohùn ẹnì kan mọ̀ láàárín ariwo ọjà Kútọ̀?

Etí kàn ń gba ìró wọlé ni o, ọpọlọ ló ń túmọ̀ ẹ̀. Àwọn irun tín-ín-tín inú etí á sọ ìró di iná mànàmáná, iṣan á gbé e gba ìdí ọpọlọ títí dé apá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, lókè etí gan-an, tí wọ́n ń pè ní auditory cortex. Ibẹ̀ tò bíi dùùrù: ìró tó rinlẹ̀ ní àyè tiẹ̀, èyí tó ń han gooro náà ní tiẹ̀.

Ní Kútọ̀ wá, kí mọ́tò máa fọn fèrè, kí jẹnẹrétọ̀ máa dún, tí ìyá yín bá pè yín ẹ ṣì máa gbọ́, torí ohùn tẹ́ ẹ bá fọkàn sí ni cortex yẹn máa ń gbé sókè, á wá tẹ ìyókù rì díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, apá òsì ọpọlọ ló ń ṣiṣẹ́ jù lórí ọ̀rọ̀.