Ẹyin Artemia kì í kú láìsí atẹ́gùn, àmọ́ kò lè pa ọmọ láìsí i

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ àrọ̀ ni mò ń sìn ní Ìkòròdú. Iná ìjọba ò dúró, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti gbówó lórí. Ẹni tó ta ẹyin Artemia fún mi (ẹ̀dá kékeré inú omi oníyọ̀ tí à ń fi ọmọ rẹ̀ bọ́ ọmọ àrọ̀) sọ pé ẹyin náà lè wà fún ọdún mẹ́rin láìsí atẹ́gùn, pé kí n má wulẹ̀ ra ẹ̀rọ atẹ́gùn, kí n dà á sínú omi oníyọ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì kí n sì dé e. Ó ti di ọjọ́ kejì, mi ò rí ọmọ kankan. Oògùn wo ni kí n fi sí i?

Ìdáhùn: Ẹ má fi oògùn kankan sí i. Ẹ ṣí kẹ́ẹ̀gì yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí, ohun tó sì ń bí mi nínú ni pé òótọ́ díẹ̀ làwọn òǹtajà yìí fi ń gbé irọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

Ọdún mẹ́rin yẹn, òótọ́ ni. James Clegg, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì California, gbé e jáde ní 1997: ọlẹ̀ Artemia (ọmọ tí kò tíì jáde nínú ẹyin) tó ti mu omi yó, tó wà nínú omi tí kò ní ọ́síjìn rárá, nínú ooru yàrá lásán, ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún 4. Àmọ́ ẹ bi ẹni tó tà á fún yín: mélòó ló pa ọmọ láàárín ọdún mẹ́rin náà? Kò sí. Ìgbà tí wọ́n dá wọn padà sínú omi tó ní atẹ́gùn ni ọmọ tó jáde.

Ohun tí à ń pè ní ẹyin yìí, ọlẹ̀ ló wà nínú èèpo rẹ̀, tó ti ní nǹkan bí 4,000 sẹ́ẹ̀lì. Bí ọ́síjìn bá tán, inú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á kan: pH wọn (ìwọ̀n tó ń fi bí nǹkan ṣe kan tó hàn; bó bá ṣe ń wálẹ̀ ló ṣe ń kan sí i) tó ń lọ sí 8 á já wá sí nǹkan bí 6.3. ATP, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rí agbára ṣiṣẹ́, á wálẹ̀ gan-an. Sẹ́ẹ̀lì ò ní pín mọ́, kò ní ṣe púrótíìnì tuntun, ìdàgbà á dúró pátápátá. Kí ni kò wá jẹ́ kó bàjẹ́? Púrótíìnì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ p26. Òun ló ń di àwọn púrótíìnì yòókù mú kí wọ́n má tú, kí wọ́n má sì dì pọ̀. Ó pọ̀ lára ọlẹ̀ yìí lọ́nà ìyanu: yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ oúnjẹ inú ẹyin, ó tó ìdá 10 sí 15 nínú 100 púrótíìnì rẹ̀.

Ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́rí nígbà kónílé-ó-gbélé kò kú, àmọ́ kò lè nájà. Bí Artemia inú kẹ́ẹ̀gì yín ṣe rí nìyẹn. Ní Great Salt Lake ní Utah, níbi tí ọ̀pọ̀ agolo tí à ń rà ti ń wá, ẹyin lè rì sínú ẹrẹ̀ tí kò ní atẹ́gùn. Ìfaradà yẹn ló fi ń dúró de ọjọ́ tó máa dára.

Tí ẹ bá fẹ́ kó pa ọmọ, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa ru omi náà láti ìsàlẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Iyọ̀ gíráàmù 25 sí 30 nínú lítà omi kan, ooru 25 sí 30 lórí Celsius, iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹyin má sì ju gíráàmù 2 lọ nínú lítà kan. Láàárín wákàtí 18 sí 36, ẹ máa rí wọn.

Ohun tí òǹtajà ò sọ fún yín rèé: gbàrà tí ọmọ bá ti jáde, ìfaradà yẹn ti lọ. Bí iná bá lọ nígbà náà, tí atẹ́gùn inú omi sì tán, wọ́n á kú. Torí náà, ẹ ra ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré tó ń lo bátìrì. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe owó tó yẹ kéèyàn ṣahun sí.

Mi ò rí omi yín, mi ò sì lè búra lórí agolo tí mi ò rí. Bí omi kẹ́ẹ̀gì náà bá ń rùn, ẹ dà á nù. Bí kò bá rùn, ẹ fi aṣọ tó fúnjú sẹ́ ẹyin náà, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, kí ẹ gbé e sínú omi oníyọ̀ tuntun tí atẹ́gùn ń ru. Èyí tó bá ṣì yè lè tẹ̀ síwájú. Ẹ má ṣe da ẹyin tí kò pa fún ọmọ àrọ̀ o, ó lè dí wọn nífun.

Èyí tó kù nínú agolo, ẹ dé e le, ibi gbígbẹ tó tutù ni kí ẹ gbé e sí, torí ọ̀rinrin pẹ̀lú atẹ́gùn ló ń ba ẹyin gbígbẹ jẹ́. Nígbà míì, ẹ kọ́kọ́ fi gíráàmù kan dán agolo wò kí ẹ tó gún àrọ̀ lábẹ́rẹ́ tó ń mú un yé ẹyin. Ọjọ́ bíi mẹ́ta péré ni oúnjẹ inú ara ọmọ àrọ̀ ń gbé e dé, kò ní dúró de ẹni tó ń wá Artemia míì kiri ọjà.