Ẹ Wo Ìwé Ọmọ Náà Kí Ẹ Tó Sọ Pé Èdè Ni Kò Gbọ́

Arábìnrin wa tí ó béèrè ọ̀rọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé yín sí kíláàsì elédè méjì ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, pé ìṣirò àti kóòdù kọ̀ǹpútà ni ẹ ó máa kọ́ àwọn ọmọ tí Sípáníìṣì jẹ́ èdè ilé wọn, pé Sípáníìṣì tiyín kò tíì kọjá ìkíni, ẹ sì fẹ́ mọ ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ dáwọ́ lé. Irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ti ń kọ́ láti ìgbà pípẹ́ ní ìlú kan náà. Apá Gẹ̀ẹ́sì ni tèmi, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ó ní ìwé-ẹ̀rí Sípáníìṣì ni ó sì di apá kejì mú. Ohun tí ojú mi ti rí níbẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú ohun tí àwa olùkọ́ ń pè ní àìgbédè kì í ṣe àìgbédè rárá, bí wọ́n ṣe kọ́ ọmọ náà láti kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀ ni kò bá tiwa mu. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ìwé tí ẹ ó fi kọ́ Sípáníìṣì, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé ìṣirò àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì fara balẹ̀ wò ó.

Ẹ mú pínpín. Bí ọmọ tí ó kàwé ní Amẹ́ríkà bá ń pín 936 sí ọ̀nà 4, yóò kọ 8 sí abẹ́ 9, yóò fa ìlà, yóò yọ ọ́, yóò kọ 1 tí ó kù, yóò sì mú 3 sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí ó ti Mẹ́síkò dé kì í kọ 8 yẹn. Orí ni ó fi ń yọ ọ́, tí ó fi jẹ́ pé 13, 16 àti 0 nìkan ni ẹ ó bá ní abẹ́ ìṣirò rẹ̀. Ti ọmọ Kòlóḿbíà tún yàtọ̀: ọwọ́ òsì ni 936 wà, 4 wà lápá ọ̀tún nínú igun kékeré kan, ìdáhùn, èyí tí í ṣe 234, sì wà lábẹ́ 4 náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà á. Síbẹ̀ mo ti rí ibi tí wọ́n ti gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé kò fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, tí wọ́n sì fẹ́ kó o mọ́ àwọn tí ìṣirò ń ni lára, nígbà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ tí ó ń fi orí ṣe ju èyí tí ẹnì kejì rẹ̀ ń fi ọwọ́ ṣe lọ. Ó dùn mí dé ọkàn. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń kọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹni tí ó ni ọ̀nà kọ̀ọ̀kan jáde wá ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí àwọn yòókù sì wá ibi tí 8 tí ó sọnù yẹn wọlé sí.

Kọ́mà ni ó le jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ìṣirò àti kóòdù ti pàdé. Ní Mẹ́síkò, Honduras àti Guatemala, àmì ìdánudúró ni wọ́n fi ń ya odidi nọ́ńbà sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá rẹ̀, bí a ti ń ṣe ní Nàìjíríà àti ní Amẹ́ríkà. Ní Venezuela, Argentina àti Spéìn, kọ́mà ni wọ́n ń lò. Ọmọbìnrin kan láti Venezuela jókòó ti Python, èdè kan tí a fi ń kọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà, lọ́dọ̀ mi, ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà tẹ mẹ́ta àti ààbọ̀ jáde, ó sì kọ print(3,5). Kọ̀ǹpútà kò sọ pé ó ṣì í. 3 5 ni ó tẹ̀ jáde, pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn. Ó wá fi 3,5 sínú x, ó ní kí kọ̀ǹpútà sọ x di ìlọ́po méjì, ó ń retí 7, ni (3, 5, 3, 5) bá jáde. Ó wò mí lójú. Gbogbo ohun tí ó mọ̀ nípa ìṣirò náà pé, àmì kan ṣoṣo ni ó wà láàárín òun àti ìdáhùn. Mo ní kí ó kọ nọ́ńbà náà bí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní ìlú rẹ̀, kí ó kọ ti kọ̀ǹpútà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì sọ fún mi ohun tí ó rò pé kọ́mà ń ṣe nínú Python. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dáhùn pé nǹkan méjì ni kọ́mà ń yà sọ́tọ̀ níbẹ̀. Ìwé tí ó kọ lọ́jọ́ náà ni a lẹ̀ mọ́ ògiri fún àwọn yòókù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Python ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ inú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà ni ó sì fi ń sọ àṣìṣe. Scratch ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, èyí tí ọmọ ti ń to bulọ́ọ̀kù àṣẹ aláwọ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn dípò kí ó tẹ kóòdù. MIT Media Lab ni ó gbé e jáde ní ọdún 2007, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti wà ní èdè tí ó ju 70 lọ. Bí ọmọ bá yí i sí Sípáníìṣì, gbogbo bulọ́ọ̀kù yóò yí padà lójú ẹsẹ̀, àwọ̀ wọn àti ipò wọn kò ní yẹ̀, iṣẹ́ tí ó ti ṣe kò sì ní bàjẹ́.

Ẹ ní kí wọ́n ya onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Nítorí pé wọ́n mọ̀ pé igun inú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ dígírì 60, wọn yóò kọ repetir 3, mover 100 pasos, girar 60 grados (tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, rin ìṣísẹ̀ 100, yí dígírì 60), ohun tí yóò sì jáde ni ìlà mẹ́ta tí kò padé, ìlàjì onígun mẹ́fà. Àríyànjiyàn yóò bẹ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Sípáníìṣì jà á tẹ́rùn. Ní kíláàsì tèmi, ọmọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ dìde, ó fi téèpù lẹ onígun mẹ́ta náà sí ilẹ̀, ó sì ń rìn lórí rẹ̀. Nígbà tí ó dé igun àkọ́kọ́, ó dúró, ó na ọwọ́ sí ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí, ó wá yí ara rẹ̀ títí ó fi dojú kọ ìlà kejì, ó sì kígbe pé ohun tí òun yí ju 60 lọ dáadáa. Wọ́n yọ 60 kúrò nínú 180, wọ́n fi 120 sí i, onígun mẹ́ta sì pé. Ẹ̀yìn èyí ni mo ní kí wọ́n yí Scratch sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì ṣàlàyé fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì ìdí tí ó fi jẹ́ 120. Ọmọ yẹn náà ṣàlàyé. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán, ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tí ó fẹ́ sọ kí ó tó la ẹnu.

Bí ọ̀gá ilé-ìwé tàbí òbí bá ń bẹ̀rù pé Sípáníìṣì yóò dá àwọn ọmọ dúró, ẹ rántí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwa Yorùbá ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé jù lọ.

Ibi tí ẹ ti ní láti yára ni kíláàsì karùn-ún. Láti kíláàsì kẹta sí ìkarùn-ún ni ìpínlẹ̀ Texas ti ń fi Sípáníìṣì ṣe ìdánwò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní STAAR fún àwọn ọmọ tí ó bá nílò rẹ̀. Tí wọ́n bá ti dé ìkẹfà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìkarùn-ún ni kí ẹ ti máa fún wọn ní ìbéèrè alálàyé gígùn ní èdè méjèèjì lórí ìwé kan náà, kí ẹ sì máa dín ti Sípáníìṣì kù díẹ̀díẹ̀, kí ìkẹfà má baà já lù wọ́n.

Ní ti Sípáníìṣì tiyín, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, orúkọ àwọn àmì ìṣirò, àti ìbéèrè tí ẹ ó máa lò lójoojúmọ́: ¿Cómo lo sabes? (Báwo ni o ṣe mọ̀ ọ́n?) Ẹ ó gbọ́ díẹ̀ nínú ìdáhùn, ìwé ọmọ náà yóò sì fi èyí tí ó kù hàn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ ọmọ kan ṣoṣo tí ó gbọ́ èdè méjèèjì di ògbufọ̀ kíláàsì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ẹ máa yí i ká láàárín wọn, ẹ sì jẹ́ kí òun náà rí àyè jókòó ti kọ̀ǹpútà tirẹ̀.