Ẹni tó dúró ti ìyá ọmọ ló ṣe kókó

Ẹ béèrè pé kí ló dé tí ìyá kan fi ń lè fún ọmọ ní ọyàn nìkan fún oṣù 6 gbáko, tí ẹlòmíì ò sì lè ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Ohun tí ojú mi ti rí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe pé ẹnì kejì ya ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe pé kò mọ̀. Àwọn tó yí i ká lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ wò.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àkọ́bí mi, ọyàn mi ò sì tètè kún. Omi tó pọ́n, tó sì ki, ló ń yọ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń sọ pé, “Omi ọyàn rẹ ò tó, fún un lómi, ra mílíìkì.” Bẹ́ẹ̀ díẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ tuntun nílò, torí ikùn rẹ̀ ò tíì gba púpọ̀. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni ọyàn sábà máa ń kún, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Tí wọ́n bá ti fi nǹkan mìíràn yó ọmọ, kò ní fa ọmú dáadáa mọ́, ọmú tí wọn ò bá sì fà, omi rẹ̀ á máa dín kù ni. Ibi tí “kò tó” ti ń di òótọ́ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì alẹ́ kan ló gbà mí. Kò wàásù fún mi rárá. Ó jókòó tì mí, ó ní kí n gbé ikùn ọmọ kọ ikùn mi, kí n dúró kó la ẹnu gbàgà kí n tó fà á mọ́ra, kí ibi tó dúdú yí orí ọmú ká wọ ẹnu rẹ̀, kí àgbọ̀n rẹ̀ sì kan ọyàn. Ìrora tó ń mú mi wa eyín pọ̀ rọlẹ̀, mo wá ń gbọ́ ọ bó ṣe ń gbé e mì. Ó ní ìlédìí ni kí n máa wò, kì í ṣe ẹkún: lẹ́yìn ọjọ́ karùn-ún, ọmọ tó ń tọ̀ tó ìgbà 6 lójúmọ́, tó sì ń wúwo sí i, ó ń yó. Tí kò bá tọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tàbí tó ń sùn ṣáá tí kò fẹ́ mu ọmú, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àwọn ìyá kan wà tí omi ọyàn wọn ò tó lóòótọ́, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni fìyẹn bú wọn.

Ní ti omi tí àwọn àgbà ń fẹ́ fún ọmọ, ọkọ mi ló bá wọn sọ ọ́. Ó ní omi ló lé ní ìdá 80 nínú 100 omi ọyàn, torí náà ọmọ ò nílò omi mìíràn. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀ ju tèmi lọ.

Iṣẹ́ ló kù. Àdéhùn 183 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe lọ́dún 2000 ní kí ìsinmi ìbímọ má dín sí ọ̀sẹ̀ 14, bẹ́ẹ̀ oṣù 6 ń lọ bí ọ̀sẹ̀ 26. Níbi iṣẹ́ kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ní kí n ti lọ máa fún omi ọyàn jáde fún ọmọ tó wà nílé. Ìyẹn dùn mí dọ́kàn. Ọ̀gá tí mo bá níbòmíì fún mi ní yàrá tó ṣeé tì àti àyè láàárín ọjọ́. Omi ọyàn tí mo bá fún jáde, inú fíríìjì ló ń wà, ó sì lè wà níbẹ̀ tó ọjọ́ 4.

Tẹ́ ẹ bá ní aboyún nílé, ẹ ti wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ sọ́yàn sílẹ̀ kó tó bí, kẹ́ ẹ sì bá àwọn tó máa wá kí i sọ̀rọ̀ ṣáájú.