Ẹ̀rọ ní amóníà ti wálẹ̀: ṣé èyí tó ń jáde náà dínkù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Adìyẹ tó ń yé ẹyin ni mò ń sìn. Mo gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn amóníà, gáàsì olóòórùn líle tó ń ti inú ìgbẹ́ wọn jáde, kọ́ sínú ilé wọn. Láàárọ̀ ó máa ń ka 18 ppm (ìyẹn ìdá 18 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́); tá a bá ṣí fèrèsé, á já sí 6 kó tó di ọ̀sán. Wọ́n wá ní kí n kọ iye amóníà tó ń ti ibẹ̀ jáde lójúmọ́ sílẹ̀. Ṣé kí n kọ ọ́ pé ìdá kan nínú mẹ́ta ló kù?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má tíì kọ ọ́. Bí amóníà ṣe pọ̀ tó nínú afẹ́fẹ́ tó yí ẹ̀rọ yẹn ká nìkan ló ń sọ fún yín. Kò mọ iye tó ń bọ́ síta. Ẹ ṣí fèrèsé, afẹ́fẹ́ tuntun rọ́ wọlé, nọ́ńbà bá já wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ooru ọ̀sán àti atẹ́gùn tó ń fẹ́ gba orí ìgbẹ́ tútù máa ń jẹ́ kí amóníà tètè gbéra. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ̀rọ ń ka 6 yẹn gan-an ni èyí tó ń jáde pọ̀ jù.

Láti mọ iye tó ń jáde, ẹ yọ ppm ìta kúrò nínú ti inú ilé, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ tó ń jáde ní wákàtí kan sọ ọ́ di púpọ̀. Ká ní inú ilé jẹ́ 12 ppm, ìta jẹ́ 1: ó ku 11. Ppm kan amóníà tó bíi mìlígírámù 0.7 nínú kíúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, nítorí náà 11 di 7.7. Bí kíúbíìkì mítà 10,000 bá ń jáde ní wákàtí kan, gírámù 77 nìyẹn, ìyẹn nǹkan bíi kílò 1.85 lójúmọ́.

Afẹ́fẹ́ yẹn ló nira láti wọ̀n. Tó bá jẹ́ fáànù ló ń fà á jáde, ẹ wọn bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ń sáré tó ní ojú ibi mélòó kan lẹ́nu fáànù, kí ẹ fi fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára fáànù. Eruku àti bẹ́líìtì tó ti dẹ̀ máa ń dín agbára rẹ̀ kù. Fèrèsé lásán ńkọ́? Kábọ́ònù dáyọ́ọ́sáìdì tí àwọn adìyẹ ń mí síta la máa ń lò. A lè ti ara iye wọn àti bí wọ́n ṣe wúwo tó ṣírò èyí tí wọ́n ń pèsè, ká wá fi ìyàtọ̀ inú ilé àti ìta pín in. Tí ìgbẹ́ bá ti ga nílẹ̀, òun náà ń tú u jáde, ẹ fi tiẹ̀ kún un.

Wákàtí kan kò tó. Ẹ wọ̀n ọ́n tọ̀sán-tòru, lásìkò ooru àti lásìkò òtútù. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ti ṣe ìṣirò rẹ̀ kí ẹ tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá fi ìpíndọ́gba ppm ojúmọ́ kan sọ ìpíndọ́gba afẹ́fẹ́ tó ń jáde di púpọ̀ máa ń ṣì í, torí bí afẹ́fẹ́ bá ti ń pọ̀ ni ppm ń wálẹ̀. Tí ẹ bá ń fi rọ́bà fa afẹ́fẹ́ lọ sínú ẹ̀rọ, ẹ lo èyí tí wọ́n fi Teflon ṣe (ike tí nǹkan kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́), kí ẹ sì jẹ́ kó lọ́wọ́ọ́wọ́. Amóníà máa ń lẹ̀ mọ́ ara rọ́bà, ìrì tó bá sì wà níbẹ̀ á gbé e mì.

Ní ti 18 àárọ̀ yẹn, ìlera adìyẹ àti ti ẹni tó ń kó ẹyin ló kàn. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ọdún 2007 lórí adìyẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹran ní níbi tí wọ́n bá ti kó wọn pọ̀ ju kílò 33 lọ lórí mítà onígun mẹ́rin kan, kò gbọdọ̀ kọjá 20 ppm, níbi tí orí adìyẹ mọ ni wọ́n sì ti ń wọ̀n ọ́n. Bí tiyín bá ń rọ̀ lókè nítòsí òrùlé, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ná.