Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Báwo ni mo ṣe lè rí gbogbo channel MQ tó ń lọ sí àdírẹ́sì kan ṣoṣo?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Iléeṣẹ́ kan tó ń bá àwọn báńkì gbé owó kiri ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, IBM MQ, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé iṣẹ́ láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn, la sì fi ń ránṣẹ́ láàárín àwa àtàwọn. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ pààrọ̀ àdírẹ́sì IP rẹ̀, 10.20.30.40, ní ìparí oṣù. Wọ́n ní kí n wá gbogbo channel, ìyẹn ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà kọjá, tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Mo tẹ DISPLAY CHSTATUS(*), mo rí mẹ́ta, ọ̀gá mi ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tẹ DISPLAY CHANNEL(*) ALL, ohun tó jáde pọ̀ débi pé n kò mọ orí, n kò mọ ìdí. Mo fi grep, àṣẹ tó ń yọ ìlà tí ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ jáde, wá àdírẹ́sì náà, ó jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ channel tó ni ín kò bá a jáde. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ọ̀gá rẹ ló jàre, ṣùgbọ́n MQ náà kò purọ́ fún ọ. Ohun tí o bi í ló dáhùn. DISPLAY CHSTATUS kì í sọ iye channel tí ẹ ní. Ipò wọn ló ń sọ: èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, èyí tó ń gbìyànjú àtisopọ̀ tí kò tíì rí i ṣe, èyí tí ẹnìkan dá dúró. Channel tó bá ti dákẹ́ kì í jáde níbẹ̀ rárá. Channel tó ń ránṣẹ́ kì í sì í jí kalẹ̀ títí. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kan DISCINT rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 6000, ìyẹn wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú, ló fi ń retí iṣẹ́ mìíràn kó tó pa ara rẹ̀ dé. Èyí tí ẹ fi ń ṣírò owó òpin oṣù lè má jí títí di ọjọ́ náà gan-an. Bí o bá dárúkọ irú rẹ̀ fún CHSTATUS, AMQ8420I ni yóò fi dá ọ lóhùn, pé òun kò rí ipò kankan fún un. Ó sùn ni, kò kúrò nílé.

Àkọsílẹ̀ ni kí o bèèrè, kì í ṣe ipò. DISPLAY CHANNEL ló ń ka àkọsílẹ̀, o sì lè gé e kúrú sí DIS CHL. Àṣìṣe tí o ṣe níbẹ̀ ni ALL tí o fi kún un. Channel kan ṣoṣo lè ní ohun tó lé ní ogún lára, ìwọ kò sì nílò ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Wọ inú runmqsc, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún MQ, pẹ̀lú orúkọ queue manager yín (MQ tó ń bójú tó àwọn channel yín), kí o wá tẹ èyí:

DIS CHL(*) CHLTYPE(SDR) CONNAME XMITQ

SDR ni channel tó ń ránṣẹ́ jáde. CONNAME ni àdírẹ́sì tó ń lọ, XMITQ sì ni ibi tí iṣẹ́ ń dúró sí kó tó gbéra. Ìyẹn nìkan ti dín ariwo kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní igba channel, ojú rẹ yóò ṣì rẹ̀ ọ́.

O mọ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ògì. Ẹnìkan kì í da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò tán kó tó máa fọwọ́ ṣa èèrí. Asẹ́ ló fi ń gbà á. MQ ní asẹ́ tirẹ̀, WHERE lorúkọ rẹ̀:

DIS CHL(*) WHERE(CONNAME LK '10.20.30.40*') XMITQ

LK ń wá ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí èyí tí o kọ. Ìràwọ̀ ìparí ṣe pàtàkì, nítorí port (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà) sábà máa ń tẹ̀ lé àdírẹ́sì nínú àkámọ́, bíi 10.20.30.40(1414). Bí o bá lo EQ, tó ń wá ohun tó bá a mu gẹ́lẹ́, àfi kí o kọ ọ́ pé pérépéré pẹ̀lú port náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òfo ni yóò fún ọ, wàá sì rò pé kò sí. WHERE kan ṣoṣo ni àṣẹ kan ń gbà, kò sí pé kí o so méjì pọ̀. Ṣùgbọ́n o lè fi CHLTYPE tàbí ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ tì í lẹ́yìn, bíi CHL(BANKI*). Tí orúkọ channel bá ní lẹ́tà kékeré nínú, fi àmì àyọlò ẹlẹ́yọ kan ká a mọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ MQ yóò sọ ọ́ di lẹ́tà ńlá, yóò sì máa wá ohun tí kò sí.

Ibi tó ń mú ni lómi nìyí, fara balẹ̀ kà á. CONNAME lè gba ju àdírẹ́sì kan lọ, pẹ̀lú kọ́mà láàárín: àkọ́kọ́ ni ti ojoojúmọ́, èkejì ni ti ọjọ́ ìṣòro. Ìràwọ̀ LK kì í ṣiṣẹ́ níbòmíràn àfi ní ìparí, nítorí náà, bí 10.20.30.40 bá wà ní ipò kejì, asẹ́ rẹ kò ní mú un. Èyí ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. A parí gbogbo àtúnṣe, ohun gbogbo ń lọ geere fún ọ̀sẹ̀ méjì, àfi ọjọ́ tí àdírẹ́sì àkọ́kọ́ kú tí channel lọ kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi àṣẹ kejì yìí yẹ ara mi wò, láìsí nínú runmqsc:

dmpmqcfg -m QM1 -t channel -o 1line | grep -F '10.20.30.40'

Fi orúkọ queue manager yín rọ́pò QM1. Láti ẹ̀yà 7.1 ni dmpmqcfg ti wà. Ohun tí 1line ń ṣe ni pé ó ń kọ àkọsílẹ̀ channel kọ̀ọ̀kan sórí ìlà kan ṣoṣo. Ìdí tí grep rẹ fi pàdánù orúkọ nìyẹn: runmqsc ń tẹ orúkọ sórí ìlà kan, àdírẹ́sì sórí ìlà mìíràn, grep sì mú èyí tó ní àdírẹ́sì nìkan. -F ń jẹ́ kó ka àmì ìdánudúró inú àdírẹ́sì bó ṣe wà.

Tí ẹnìkan bá ti kọ orúkọ server dípò nọ́ńbà sínú CONNAME, kò sí asẹ́ tó lè bá ọ rí i. Wá orúkọ tí DNS yín fún àdírẹ́sì náà, kí o fi òun náà wá a. Bí ẹ bá ń lo cluster (ọ̀pọ̀ queue manager tí wọ́n so pọ̀), channel tí MQ dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í hàn nínú DIS CHL, DIS CLUSQMGR(*) CONNAME ni kí o lò. Má sì jẹ́ kí CLUSRCVR, channel tí ẹ fi ń gba iṣẹ́ nínú cluster, dà ọ́ láàmú, àdírẹ́sì ilé tiyín ló wà nínú CONNAME rẹ̀.

Gbogbo èyí, ohun tó ń jáde lọ ni. Ohun tó ń wọlé ńkọ́? RCVR (tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ queue manager mìíràn) àti SVRCONN (tí àwọn ètò ìlò ń gbà wọlé) kò ní CONNAME nínú àkọsílẹ̀ wọn rárá, wọn kì í pe ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹ ti kọ òfin pé àdírẹ́sì báyìí nìkan ló lè wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ ìpààrọ̀, bí báńkì náà bá fi àdírẹ́sì tuntun kanlẹ̀kùn, MQ yóò tì í sẹ́yìn, wàá sì bá AMQ9777 nínú AMQERR01.LOG. Nítorí náà, tẹ èyí kí o lè rí àwọn òfin náà:

DIS CHLAUTH(*) TYPE(ADDRESSMAP)

Fi ojú ara rẹ kà á, má fi grep, nítorí ẹlòmíràn lè ti kọ 10.20.* láti kó gbogbo wọn pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, fi dmpmqcfg -m QM1 -x chlauth -o 1line wo àwọn òfin yòókù, nítorí ADDRESS lè fara pamọ́ sínú èyí tí ẹ kọ fún orúkọ tàbí fún ìwé ẹ̀rí TLS.

Nígbà tí ẹ bá ṣàtúnṣe tán, béèrè lọ́wọ́ MQ èwo ni ọwọ́ kàn gan-an, kí o fi ọjọ́ tiyín síbẹ̀ (ALTDATE ni ọjọ́ tí wọ́n yí àkọsílẹ̀ padà kẹ́yìn, GE sì ni láti ọjọ́ náà lọ):

DIS CHL(*) WHERE(ALTDATE GE '2025-11-30') CONNAME

Fi wé ìwé tí o kọ ṣáájú. Channel tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ yí i padà yóò ṣì máa lo àdírẹ́sì àtijọ́ títí ẹ ó fi dá a dúró tí ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìgbà yìí gan-an ni CHSTATUS wúlò fún ọ: DIS CHS(*) WHERE(CONNAME LK '10.20.30.40*'). Èyíkéyìí tó bá jáde níbẹ̀ ṣì wà lórí àdírẹ́sì àtijọ́.