Nọ́ńbà pupa, nọ́ńbà búlúù

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí èrò ọkọ̀ jáde wá sọ àǹfààní tí òfin ìjọba lórí táksì ṣe fún un, tí ẹ ní ẹ̀yin ò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju owó ọkọ̀ tó ń lé kún lọ, mo ka ọ̀rọ̀ yín. Ìdajì ẹ̀ tọ̀nà. Ìdajì tó kù, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi ni yóò dá yín lóhùn.

Télọ̀ ni mí, Òmù-Àrán ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìlọrin ni mo ti ń ra òwú, síìpù, bọ́tìnì àti láínì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, inú ààwẹ̀ Ràmàdáánì la wà, oòrùn sì ti ń rọ̀ nígbà tí mo dé Gáréèjì Ọ̀fà. Ọkọ̀ tó wà ní tọ́ọ̀nù, ìyẹn èyí tó kàn láti kérò, èrò méjì péré ló wà nínú ẹ̀: ìyá kan tó gbé adìyẹ dání àti ọmọ ilé-ìwé kan tó ti sùn lọ. Ẹni tó bá mọ gáréèjì mọ ohun tó kù: kí n jókòó, kí n máa ka àwọn tó ń kọjá, títí àsìkò ìṣínu yóò fi bá mi níbẹ̀. Mo bá jáde sí títì. Kámúrì kan dúró síwájú, ẹ́sì ń fẹ́ nínú ẹ̀, ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀ ń pè: "Àjàṣẹ́, Òmù-Àrán, ó ku ẹnì kan ṣoṣo!" Owó tiẹ̀ fi igba náírà dín sí ti gáréèjì. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ìdí tó fi dínwó ni pé kò já tíkẹ́ẹ̀tì, kò gba ìwé àṣẹ akérò, nọ́ńbà ọkọ̀ ẹ̀ sì jẹ́ búlúù. Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò fiyè sí i rí. Ọkọ̀ tí ìjọba mọ̀ sí akérò, pupa ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ti ọkọ̀ ilé, búlúù ni. Ojoojúmọ́ la ń rí i, a ò sì kà á sí nǹkan kan.

A kọjá Ìdọ̀fíàn díẹ̀. Ó fẹ́ ya tírélà sílẹ̀, nǹkan kan ń bọ̀ níwájú, ó dárí wọgbó. Ọkọ̀ náà gbókìtì lẹ́ẹ̀kan, ó tún padà fi táyà ara ẹ̀ dúró bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Àpò bọ́tìnì mi ló tú, bọ́tìnì fọ́n sí gbogbo wa lára bí àgbàdo. Ìgbà tí mo fẹ́ máa ṣà á ni mo rí i pé ọwọ́ mi ti yí sí ibi tí ọwọ́ kì í yí sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fi pí-ó-pì dè é. Oṣù méjì míì kọjá kí n tó lè di sísọ́ọ̀sì mú dáadáa. Yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé kan tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n kó o lọ fún ẹlòmíì, mi ò sì lè bá wọn jà.

Ọmọ àbúrò mi tó mọ̀wé ní kí n gba ìwé ínṣọ́ránsì ọkọ̀ náà. Dẹrẹ́bà fún wa láìjanpata, ìwé gidi ni, kì í ṣe ayédèrú. A gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì náà. Ọmọbìnrin tó gbà wá lálejò yẹ ìwé náà wò síwá sẹ́yìn, ó wá bi mí pẹ̀lẹ́tù: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ẹ sanwó ọkọ̀ lọ́jọ́ náà?" Mo ní mo san. Ó rọra da ìwé náà padà fún wa. Ó ní ọkọ̀ tí olówó ẹ̀ fi ń gbé ara ẹ̀ àti ará ilé ẹ̀ kiri ni àwọn bá kọ̀wé, kì í ṣe èyí tó ń fi kérò gbowó. Nígbà tí a jáde, ọmọ àbúrò mi ní kí ló dé tí mi ò pe dẹrẹ́bà ní ọmọ mi. Ọmọ tó gbowó lọ́wọ́ mi kó tó ṣílẹ̀kùn?

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo fi igba náírà náà tà. Kì í ṣe pé nọ́ńbà pupa kì í gbókìtì o. Ó ń gbókìtì dáadáa. Ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀, ibì kan wà tí èèyàn lè gbé ọ̀rọ̀ lọ: ọkọ̀ náà ní gáréèjì, dẹrẹ́bà ní ẹni tó mọ̀ ọ́n, tí ínṣọ́ránsì ẹ̀ bá sì jẹ́ ti akérò, èrò tó sanwó wà lára ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbàgbé aṣọ oníbàárà sínú táksì kan láti Ọjà Ọba, odindi àǹkárá ẹbí ìyàwó, ọ̀túnla sì ni ìgbéyàwó. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni mo rántí, ìyẹn náà kò pé. Mo sọ fún àwọn àgbà gáréèjì. Kí wọ́n tó pe ìrun alẹ́, Àlááji tó ni ọkọ̀ ti gbé e dé, ó tún ń bínú sí mi pé mo dá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Níbi owó ọkọ̀ ni ẹ ti jàre mi. Ohun yòówù tí wọ́n bá bù lé onítáksì, orí wa ló ń já sí. Ní 2020, ní Èkó, ìjọba fi 20 náírà lé ìrìn kọ̀ọ̀kan tí èrò bá fi fóònù pe ọkọ̀. Ṣé ẹ rò pé ẹni tó ni áàpù ló ń san án ni? Lọ́dún yẹn kan náà, tí kòrónà dé, wọ́n ní kí ọkọ̀ dín èrò kù. Èmi tí mo jókòó fẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ni mo san owó ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Òfin tó ń dá iye owó lé ọkọ̀, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́ gùn. Nígbà tí ìrànwọ́ orí epo lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo kan kúrò ní nǹkan bí 190 náírà bọ́ sí òkè 500, kò sí iye tí wọ́n kọ sára ògiri gáréèjì tó lè mú dẹrẹ́bà. Wọ́n kàn gé ọ̀nà ni. Ọkọ̀ tó ń gbé wa tààrà láti Ọjà Ọba dé Gáréèjì Ọ̀fà ń jù wá sílẹ̀ ní Pọ́ọ̀sì Ọ́fíìsì, a ó tún wọ òmíràn. Iye tó wà lára ògiri ò yí padà, ẹ̀ẹ̀mejì la sì ń san án.

Èyí tó burú jù lójú mi ni kí wọ́n fi òpin sí iye ọkọ̀. Ẹ wo New York. Láti 1937 ni wọ́n ti dí iye táksì pa níbẹ̀, ìwé àṣẹ ọkọ̀ kan sì ti ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ ní bíi 2014. Àwọn tó ń gbé ní òde Manhattan, àárín gbùngbùn ìlú náà, ń nawọ́ sí táksì, kì í dá wọn lóhùn, àfìgbà tí ìjọba gbé táksì aláwọ̀ ewé jáde fún wọn ní 2013. Kékeré irú ẹ̀ là ń pè ní tọ́ọ̀nù. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń kérò, mẹ́fà ń sùn lẹ́yìn ẹ̀, ilẹ̀ ń ṣú.

Lóṣù tó kọjá, òjò ká mi mọ́ Gáréèjì Ọ̀fà. Ọkọ̀ ku èrò kan. A dúró títí, kò sẹ́ni tó yọjú. Kámúrì kan tẹ họ́ọ̀nù níwájú gáréèjì, "ó ku ẹnì kan ṣoṣo," obìnrin tó jókòó tì mí gbé báàgì ẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Ó wá ku èrò méjì. Mo wo ọwọ́ mi, mo wo òjò, mo san owó àwọn méjèèjì mọ́ tèmi, a gbéra.