Ẹ má lu àtùpà sáídíkà yẹn níhò

Ẹ̀gbọ́n tó ra sáídíkà 1924 (àga oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù) látinú abà olóko, tí ẹ ní àtùpà idẹ orí rẹ̀ kò ní ojú wáyà kankan, tí ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ lu ú níhò kí ẹ ki gílóòbù LED bọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbé e lọ sílé ní Ìbàdàn: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ ìluhò yẹn sílẹ̀ ná. Mo ti lu irú rẹ̀ rí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ó ṣì ń dùn mí.

Kò sí ohun tó sọnù lára àtùpà yín. Kò ní wáyà torí pé kò fìgbà kan lo iná mànàmáná rí. Àtùpà káábáìdì ni, ohun bí òkúta tí àwọn wẹ́dà ń lò. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ óò rí agolo kékeré méjì tó gun ara wọn, ti òkè fún omi, ti ìsàlẹ̀ fún káábáìdì. Ohun kan tí wọ́n ń yí wà láàárín wọn tó ń jẹ́ kí omi máa kán, tó, tó, tó. Bí omi bá ti kan káábáìdì, gáàsì á jáde, á gba ẹnu funfun kékeré kan bọ́ síta, ibẹ̀ lẹ ó ti ṣáná sí i. Ihò méjì ló dojú kọra lẹ́nu yẹn. Iná méjèèjì á pàdé, wọ́n á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìyẹ́ labalábá, wọ́n á sì funfun ju ti fìtílà elépo lọ fíìfíì.

Èmi tí mo dàgbà nílé ọdẹ, ó yẹ kí n ti mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Bàbá bàbá mi ní irú rẹ̀ tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú orí bí wọ́n bá ń lọ sígbó lóru. Òórùn káábáìdì kan náà ló wà ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, òun náà ló wà nínú agolo tí àwa ọmọdé fi ń yìnbọn nígbà Kérésì tí àwọn ìyá wa á máa fi ọmọrogùn lé wa kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i lára alùpùpù òyìnbó ní Birmingham níbí, mi ò so wọ́n pọ̀. Mo ní àtùpà tó ti bàjẹ́ ni. Mo lu ú, mo ki gílóòbù bọ̀ ọ́, mo wá gbé e lọ han bàbá arúgbó kan tó ti ń tún alùpùpù ṣe láti kékeré. Ó wò ó, ó wò mí, ó dá a padà sí mi lọ́wọ́. Kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ orí ohun tí ẹ rà ni kí ẹ fi mọ iná tó yẹ ẹ́. Ní 1893, ọ̀gágun ilẹ̀ Faransé kan, Jean Bertoux, gba ẹ̀bùn ìwé ìròyìn torí pé ó so àga oníkẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere. Ti alùpùpù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1903 ni W. J. Graham ti gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀ jáde á gbé e sínú nǹkan bí ọmọlanke tí alùpùpù ń wọ́ lẹ́yìn, kí eruku bo ìyáálé mọ́lẹ̀, tàbí kó gbé e sí àga iwájú, kó wá jẹ́ pé òun ni yóò kọ́kọ́ kan ohunkóhun tí wọ́n bá kọlù. Kò yà mí lẹ́nu pé ẹ̀gbẹ́ ló borí.

Ní 1912, Watson bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ Watsonian ní Birmingham níbí pẹ̀lú sáídíkà tó ṣeé ká, torí pé ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé ìlú yìí há ju kí alùpùpù oníkẹ̀kẹ́ mẹ́ta gbà á kọjá. (Mo ń gbé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni.) Ní 1922, William Walmsley àti William Lyons dá ilé iṣẹ́ Swallow sílẹ̀ ní Blackpool, wọ́n ń ṣe sáídíkà alumíníọ̀mù tó ń dán gbinrin. Ilé iṣẹ́ yẹn ló padà di Jaguar tí àwọn olówó Ìkòyí ń gùn. Nítorí orúkọ yẹn, gbogbo ẹni tó bá ní sáídíkà tó ń dán lóde òní ló ń pè é ní Swallow. Ẹnì kan ta àtùpà “Swallow” fún mi lówó gọbọi, àṣé ara ọkọ̀ ìkẹ́rù ló ti tú u.

Iná mànàmáná ò tètè kárí alùpùpù. Lucas, àwọn tó ń ṣe iná ọkọ̀, tí ilé iṣẹ́ wọn wà ní Great King Street ní Birmingham níbí, ṣe Magdyno, tó kó magnẹ́ẹ̀tò (tó ń ṣáná fún ẹ̀ńjìnì) àti dáínámò (tó ń pèsè iná fún àtùpà) pọ̀ sójú kan, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín 1920 sí 1930, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á fi owó lé owó. Ọ̀pọ̀ èèyàn dúró sórí káábáìdì wọn. Nítorí náà, àtùpà yín bá ọdún sáídíkà yín mu rẹ́gí.

Bí ẹ bá fẹ́ tàn án, ó ṣì lè tàn. Ẹ má bu káábáìdì kọjá ìdajì agolo, torí ó ń wú. Bí ẹ bá ti ṣí omi, ẹ jẹ́ kí gáàsì kọ́kọ́ lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí ẹ tó ṣáná. Èmi ò ní sùúrù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìpéǹpéjú mi ọ̀tún ló sanwó rẹ̀. Bí ẹ bá ti omi, iná ò ní kú lójú ẹsẹ̀, torí èyí tó ti kán sílẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ má sì gbé e wọ inú ilé títí yóò fi tán. Ẹ fọ eérú funfun bí ẹfun tó bá kù lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Mo fi tèmi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì, ó le bí sìmẹ́ńtì, ìdí agolo sì ti jẹ. Bí rọ́bà tó ń gbé gáàsì bá ti gbó, rọ́bà tuntun ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, kì í ṣe páìpù bàbà. Bàbà àti gáàsì yẹn máa ń bí nǹkan kan tó lè bú gbàù.

Bó bá jẹ́ pé ojú títì lẹ fẹ́ gùn ún lálẹ́, ẹ ra àtùpà oníná mìíràn, ẹ fi irin ìdè dè é mọ́ ọn, kí ẹ tọ́jú ti idẹ yẹn. Ẹ wá gbọ́ èyí tó jẹ mí níyà jù. Sáídíkà mi kejì, mo so ó mọ́ alùpùpù BSA M21, ẹ̀ńjìnì 591 cc tí wọ́n ṣe títí di 1963. Mo kùn ún lọ́dà tuntun, ó rẹwà. Iná sáídíkà kọ̀, kò tàn. Mo pààrọ̀ gílóòbù, mo pààrọ̀ wáyà, mo ra àtùpà mìíràn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ọ̀dà ni! Wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé iná lọ, ara irin ló ń gbà padà, ọ̀dà tí mo kùn sábẹ́ àwọn irin ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti dí ọ̀nà mọ́ ọn. Iná volt 6 kò lágbára tó fi lè já irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá. Ẹ fa wáyà ìpadàbọ̀ tirẹ̀ láti ara àtùpà lọ tààrà sí bátìrì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni mo gùn ún jáde lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọkọ̀ kan yọ imú láti títì ẹ̀gbẹ́ lápá òsì. Iná kan ṣoṣo ló rí, ó ní alùpùpù lásán ló ń bọ̀, àyè wà. Ó gé imú sáídíkà mi bí ẹní gé iṣu. Ẹni tó ń wá ọkọ̀ náà ń bẹ̀ mí, mi ò lè bá a jà.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ Ìbàdàn. Sáídíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá òsì ló wà, ẹ̀bá ọ̀nà, torí òsì ni wọ́n ń gbà. Àwa náà ń gba òsì tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti 2 April 1972 ni Nàìjíríà ti yí sí ọ̀tún. Bí ẹ bá gùn ún nílé, àárín títì ni sáídíkà máa yọ sí, lójú ọkọ̀ tó ń bọ̀, níwájú dánfó àti Maruwa tí kì í yà fún ẹnikẹ́ni. Iná ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tàn dáadáa. Ẹ tún wò ó bó bá jẹ́ irú tó ní gíláàsì funfun níwájú, pupa lẹ́yìn: ẹni tó ta sáídíkà kejì fún mi ti dè é sódì, pupa ló ń tàn síwájú.

Kí ẹ tó tì í sínú kọ̀nténà, ẹ da gbogbo káábáìdì inú rẹ̀ nù, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a kó gbẹ. Wẹ́dà tó bá sún mọ́ yín ní Ìbàdàn á bu òmíràn fún yín.